Àrùn Kògbóògùn

Nínú ọ̀rọ̀ tí ń jáde lẹ́nu àwa Yorùbá lójoojúmọ́, ọ̀pọ̀ ni a ń lò tí a kì í dúró wò. Ọ̀kan nínú wọn ni "àrùn kògbóògùn". Bí a bá gbọ́ ọ, ohun tí ń wá sí wa lọ́kàn ni àìsàn ńlá tí apá àwọn oníṣègùn kò ká, tí ó jẹ́ pé àdúrà nìkan ni ó kù. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀kọ́ èdè kò lè rí irú ọ̀rọ̀ gígùn bẹ́ẹ̀ kí n má tú u palẹ̀. Kò gbọ́ oògùn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó wà láàrin rẹ̀ ni "gbọ́", èyí tí a ń lò fún iṣẹ́ etí, tí a sì ń lò fún ìgbọràn. Ọmọ tí kò gbọ́ràn kì í ṣe ọmọ tí ó dití. Ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ dáadáa, ó kàn kọ etí ikún sí i ni. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àìsàn rí nínú èdè wa: a bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lú oògùn, ó gbọ́ tàbí kí ó kọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nínú àròkọ kékeré yìí ni irú àrùn mìíràn tí àwọn baba wa kò fún ní orúkọ tirẹ̀, ìyẹn ni àrùn tí ó ti ń gbọ́ oògùn láti ọjọ́ pípẹ́ wá, tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan tí kò gbọ́ mọ́. Mo sì fẹ́ sọ bí àwọn ènìyàn kan káàkiri ayé ti ń ṣọ́ ọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bí ọdẹ ti í ṣọ́ ọjà lóru. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bi mí pé kí ni ó kan ọmọ tí ń kọ́ èdè nínú ọ̀rọ̀ àwọn dókítà. Bí ẹ bá kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ ó rí i pé ó kàn mí, ó sì kan ẹ̀yin náà.

Ní ọdún 1928, Alexander Fleming, ọmọ ilẹ̀ Scotland tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù, rí i pé olú kékeré kan, irú èyí tí ń hù lára oúnjẹ tí ó ti bàjẹ́, hù sínú àwo rẹ̀, ó sì pa àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ó wà ní àyíká rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni pẹnisílíìnì ti wá. Nígbà tí wọ́n fún òun àti àwọn méjì mìíràn ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1945, Fleming kò fi gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ayọ̀. Ó pa òwe kan fún àwọn tí ó péjọ. Ó ní ọkùnrin kan ní egbò ọ̀fun, ó ra pẹnisílíìnì fúnra rẹ̀, ó sì lo díẹ̀. Ìwọ̀nba tí ó lò kò tó láti pa kòkòrò náà, ṣùgbọ́n ó tó láti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ bí a ti í dojú kọ oògùn. Àìsàn náà ràn mọ́ ìyàwó rẹ̀, ó sì di òtútù àyà. Wọ́n fún ìyàwó ní pẹnisílíìnì, kò ràn án, obìnrin náà sì kú. Fleming wá béèrè ẹni tí a ó di ẹ̀bi ikú náà rù. Ẹ wò ó, oògùn yìí kò tíì dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ní ayé nígbà náà tí ẹni tí ó kọ́kọ́ rí i ti ń kìlọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìkìlọ̀ náà kò pẹ́ kí ó tó ṣẹ. Nígbà tí àwọn kòkòrò kan kò gbọ́ pẹnisílíìnì mọ́, a mú oògùn tuntun kan tí ń jẹ́ methicillin jáde ní ọdún 1959. Nígbà tí ó fi di ọdún 1961, wọ́n ti rí kòkòrò tí kò gbọ́ èyí náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Kí a má ṣe rò pé kòkòrò wọ̀nyí ní ọgbọ́n orí. Pípọ̀ ni agbára wọn. Ọ̀kan nínú wọn tí ń gbé nínú ìfun wa, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní E. coli, lè pín ara rẹ̀ sí méjì láàrin ogún ìṣẹ́jú bí ibi tí ó wà bá tù ú lára. Bí ẹyọ kan bá bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, tí ohunkóhun kò dí i lọ́wọ́, nígbà tí agogo mẹ́ta ọ̀sán bá lù, yóò ti lé ní mílíọ̀nù méjì. Nínú irú ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí a rí ọ̀kan tàbí méjì tí ẹ̀dá rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, tí oògùn kò ràn. Oògùn a pa àwọn yòókù, oko a sì ṣófo sílẹ̀ fún èyí tí ó kù. Àgbẹ̀ tí ó bá ń fa èpò tí ó rọrùn nìkan, tí ó ń fi èyí tí ó le sílẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo oko yóò fi di ti èyí tí ó le. Ohun tí ó tún burú jù ni pé kòkòrò wọ̀nyí a máa fi àṣírí náà lé ara wọn lọ́wọ́, títí kan àwọn tí kì í ṣe ẹ̀yà wọn.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọlé. Ẹ jókòó sí iwájú ilé kẹ́míìsì kan ní àdúgbò yín fún wákàtí kan péré. Ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan yóò sọ pé, "Ẹ má fún mi ní ìyẹn, ara mi ti mọ̀ ọ́n, kò ràn mí mọ́. Ẹ fún mi ní èyí tí ó le jù ú lọ." Kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn, nítorí pé gbogbo wa ni a ń sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè tí a ń bi àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ nípa gbólóhùn: ta ni olùwà? Nínú gbólóhùn yìí, "ara mi" ni olùwà. Ara mi ni ó mọ oògùn. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé ara kò mọ nǹkankan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kòkòrò ni ó mọ̀ ọ́n. Kòkòrò ni olùwà.

Ẹlòmíràn lè sọ pé àríyànjiyàn àwọn onígírámà ni èyí. Rárá o. Bí ó bá jẹ́ pé ara mi ni ó mọ oògùn, èmi nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, mo sì lè lọ ra òmíràn kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé kòkòrò ni, kòkòrò a máa rìn. A máa gba ọwọ́ tí a kò fọ̀ kọjá, a máa gba inú omi àti oúnjẹ, a máa bá ọwọ́ nọ́ọ̀sì láti orí bẹ́ẹ̀dì kan dé orí èkejì. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lára mi lánàá lè wà lára ọmọ aládùúgbò mi lọ́la, bí ọmọ náà kò tilẹ̀ fi ẹnu kan kápúsù rí. Nígbà tí a bá ti fi olùwà sí ipò rẹ̀, a ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìlú ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé kan.

Orúkọ tí a fi ń pe àwọn oògùn wọ̀nyí pàápàá ń ṣì wá lọ́nà. "Apakòkòrò" ni ọ̀pọ̀ ìwé ìkéde ń pè wọ́n. Mo ka irú ìkéde bẹ́ẹ̀ sí etí bàbá mi àgbà, ẹni tí ó fi oko kòkó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, apakòkòrò kẹ̀? A kì í mu ìyẹn o, igi kòkó ni a ń fọ́n ọn sí." Wọn kò ṣàwàdà.

Nígbà tí mo wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbẹ̀bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. A yọ̀, a sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ kẹrin ni ara ìyá ọmọ ti ń gbóná, ojú ọgbẹ́ sì ń ṣọyún. Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kan fún ọjọ́ méjì, ibà kò gbọ́. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n fún un ní òmíràn fún ọjọ́ mẹ́ta, ibà kò gbọ́. Nígbà náà ni dókítà sọ pé kí a lọ yẹ ọyún náà wò. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà kò ní ohun èlò irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀, ìlú kejì ni a ó gbé e lọ. Èmi ni mo gbé e. Mo gbé ìgò kékeré náà lé orí itan mi nínú ọkọ̀ bí ẹni gbé ẹyin, ẹ̀rù sì ń bà mí kí awakọ̀ má já sínú kòtò.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi dúró de èsì. Ìwé pélébé kan ni. Orúkọ oògùn méjìlá ni wọ́n tò sí i láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo sì wà ní iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí àrokò ni ó rí lójú mi: ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò rí nǹkankan, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rí ikú àti ìyè. Ọ̀gá ilé àyẹ̀wò náà, àgbà ọkùnrin kan tí ó ní sùúrù, kà á fún mi. S ni oògùn tí kòkòrò náà ń gbọ́. R ni èyí tí ó kọ̀. I ni èyí tí yóò gbọ́ bí a bá gbé ohùn sókè, ìyẹn ni pé bí oògùn náà bá pọ̀ ju bí a ti ń lò ó lọ. Mo kà wọ́n. R jẹ́ mẹ́jọ, I jẹ́ ẹyọ kan, S jẹ́ mẹ́ta péré. Àwọn oògùn méjèèjì tí a ti ń fi owó rà wà lára àwọn mẹ́jọ.

Nínú àwọn mẹ́ta, meropenem ni dókítà mú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n ń fún un. Màmá wa ta aṣọ òkè méjì tí wọ́n fi ṣe ìyàwó, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi yá owó ní ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ àjọ rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ibà rọlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi yè é. Ọmọ náà ti ń sáré káàkiri ilé báyìí, ó ń fọ́ àwo.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan tí mo bi àgbà ọkùnrin yẹn ni kò kúrò ní ọkàn mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́yìn tiwa, níbo ni ìwé yìí tún ń lọ?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ọ̀dọ̀ yín náà ni, ọmọ mi. Ẹ gbé e lọ sílé." Ó ṣàlàyé pé àwọn ilé ìwòsàn kan wà tí èsì wọn ń wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó sì ń dé Àbújá, ṣùgbọ́n tiwọn kò tíì sí lára wọn. Bí ó ti rí nìyí tí ìwé náà fi wà nínú àpótí màmá wa títí di òní, láàrin ìwé ìbí àti ìwé ilẹ̀. Gbogbo ohun tí ìlú ìbá mọ̀ nípa kòkòrò yẹn, inú àpótí yẹn ni ó sùn sí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wádìí ibi tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń lọ bí ó bá rí ọ̀nà lọ. Nínú ilé àyẹ̀wò, wọn a gbin kòkòrò sínú àwo, wọn a to bébà róbótó wẹ́wẹ́ tí a ti fi oògùn sí lára lé e lórí, wọn a sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibi tí kòkòrò bá ti gbọ́ oògùn, àyè mímọ́ a yí bébà náà ká. Wọn a wọn àyè náà ní mílímítà. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí ń jẹ́ WHONET, tí wọ́n ṣe ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1989, ọ̀fẹ́ ni, ó sì ti dé orílẹ̀-èdè tí ó ju 100 lọ. Inú rẹ̀ ni ilé àyẹ̀wò ń kọ ìwọ̀n yìí sí, pẹ̀lú ọjọ́ orí aláìsàn, wọ́ọ̀dù tí ó wà àti ibi ara tí a ti mú ohun àyẹ̀wò. Bí èsì bá ti pọ̀, ètò náà a fi hàn bí kòkòrò kan ti ń kọ oògùn kan láti oṣù dé oṣù, tàbí bí wọ́ọ̀dù kan ti ń ní irú kan náà ní ìgbà púpọ̀.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò kan sílẹ̀ tí a ń pè ní GLASS, kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa kó èsì tirẹ̀ wá sí ojú kan. Nàìjíríà wọ inú rẹ̀ ní ọdún 2017, nípasẹ̀ àjọ NCDC tí ń dènà àrùn ní orílẹ̀-èdè wa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù lè ṣí ojú ìwé GLASS lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó sì wò ó. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe èyí tí ó tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń ka àbùdá kòkòrò fúnra rẹ̀, èyí tí a fi lẹ́tà mẹ́rin péré kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ètò mìíràn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Pathogenwatch ni orúkọ rẹ̀, tí ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń fi hàn bóyá kòkòrò tí a rí níbí bá ti ibòmíràn tan. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ láti mọ èdè tí ó jẹ́ ìbátan ara wọn, ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa?

Kí ni àwọn ìṣirò wọ̀nyí ń sọ? Ìròyìn GLASS tí ó jáde ní ọdún 2025 sọ pé, nínú àwọn àìsàn kòkòrò tí a yẹ̀ wò káàkiri ayé ní ọdún 2023, ìdá kan nínú mẹ́fà ni kò gbọ́ oògùn. Ní ẹkùn Áfíríkà, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Ìwádìí kan tí ìwé ìròyìn Lancet tẹ̀ jáde ní ọdún 2022 fojú bù ú pé mílíọ̀nù kan ó lé 270,000 ènìyàn ni àìgbọ́ oògùn yìí pa ní ọdún 2019, àti pé apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa ni ó ti pa ènìyàn jù bí a bá fi iye olùgbé pín in: 27.3 nínú 100,000 ènìyàn.

Síbẹ̀, ohun tí ó ká mi lára jù nínú ìròyìn GLASS yẹn kì í ṣe iye tí wọ́n kà, bí kò ṣe iye tí wọn kò rí kà. Orílẹ̀-èdè 104 ni ó mú èsì wá fún ọdún 2023. Àwọn tí kò mú nǹkankan wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì. Ibi tí àìsàn pọ̀ sí, ibẹ̀ náà ni ilé àyẹ̀wò ṣọ̀wọ́n sí. Bí a bá ń wo máàpù tí ibì kan sì ṣófo, kí a má ṣe sọ pé àlàáfíà ni ó wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ pé inú àpótí ni ìwé wọn wà.

Ìdàkejì ọ̀rọ̀ náà sì wà, ó sì tọ́ kí a sọ ọ́. Níbi tí owó àyẹ̀wò ti wọ́n, ẹni tí oògùn méjì tàbí mẹ́ta ti já kulẹ̀ lára rẹ̀ nìkan ni a máa ń yẹ̀ wò. Ẹni tí oògùn àkọ́kọ́ wò sàn ti lọ sílé, kò sí ẹni tí ó kà á. Nítorí náà, bí a bá gbọ́ pé ìdajì kò gbọ́ oògùn ní ibì kan, ó yẹ kí a béèrè pé ìdajì àwọn wo? Èyí kò sọ iṣẹ́ náà di asán. Ohun tí ó ń sọ ni pé kí àyẹ̀wò pọ̀ sí i.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ní, "Kíkà kì í wo àìsàn." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti fi dandan lé e pé kí ilé ìwòsàn ìjọba máa ròyìn gbogbo aláìsàn tí kòkòrò tí kò gbọ́ methicillin bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ń tẹ iye náà jáde fún gbogbo ayé láti rí. Ní ọdún 2004, ìjọba ní kí wọ́n dín in kù sí ìdajì kí ó tó di ọdún 2008, ó sì dín kù ju ìdajì lọ. Kì í ṣe kíkà nìkan ni ó ṣe é. Ọwọ́ fífọ̀, ìmọ́tótó àti ìṣọ́ra bí a bá ń ki abẹ́rẹ́ bọ iṣan ni ó ṣe é. Ṣùgbọ́n kíkà ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Kí a má sì di gbogbo ẹ̀bi ru tálákà. Obìnrin tí ó ra kápúsù méjì dípò mọ́kànlélógún, owó kápúsù méjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lọ sí kẹ́míìsì, ibẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ni ó sì ń kú ní ilẹ̀ wa nítorí pé wọn kò rí oògùn tí ó tọ́ lò rárá. Ẹni tí ó bá ń sọ pé kí a dín oògùn kù, kí ó rántí àwọn wọ̀nyí.

Iṣẹ́ wo ni ó wá kù fún àwa tí ń kọ́ èdè? Àwọn ètò tí mo dárúkọ wọ̀nyí, èdè àjèjì àti ìṣirò ni wọ́n ń sọ. Kò sí ọ̀kan tí ìyá mi lè kà. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí a nílò ti wà nílé láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Kí ni ó dé tí a kò lè kọ èsì àyẹ̀wò pé "ó gbọ́" àti "ó kọ̀"? Kí ni ó dé tí ìkéde wa kò lè sọ pé kòkòrò ni ó kọ oògùn, kì í ṣe ara? Ọ̀rọ̀ méjì péré ni, kò sí àgbàlagbà kan tí yóò ní kí a ṣàlàyé wọn.

Àwọn àgbà ní, "Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó." Igi yìí kò jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ojú wa ṣì wà lára wa. Ẹni tí ó bá ní aláìsàn, kí ó béèrè bóyá àyẹ̀wò ṣeé ṣe kí wọ́n tó pààrọ̀ oògùn. Ẹni tí ó bá sì gba èsì, kí ó béèrè bóyá wọ́n ti kọ ọ́ sí ibi tí àwọn ẹlòmíràn yóò ti rí i. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Bí ìwé kọ̀ọ̀kan bá wà nínú àpótí tirẹ̀, ìka kan ṣoṣo ni a nà sí àrùn náà, kò sì lè bẹ̀rù ìyẹn.